Ohun Tí Wọn Kò Kà: Kíkà Bíbélì Láti Ọjọ́bọ̀ De Ọjọ́ Ìsinmi

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọ̀rọ̀ kan ti ń jà mí lọ́kàn. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni wọ́n ń kà sí wa létí nínú ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi kan ṣoṣo: ọ̀kan láti inú Májẹ̀mú Láéláé, Sáàmù kan, Episteli kan (lẹ́tà àwọn àpọ́sítélì), àti Ìhìnrere. Kò ní pẹ́ púpọ̀, gbogbo rẹ̀ á ti parí. Lẹ́yìn ìsìn, ẹ wádìí wò. Ẹni tó rántí orin á pọ̀. Ẹni tó rántí ẹ̀fẹ̀ tí oníwàásù ṣe lè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè sọ ohun tí wọ́n kà nínú Májẹ̀mú Láéláé kì í wọ́pọ̀.

Ẹni tó kàwé la kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi, pé kò gbóhùn sókè. Bí kò bá ṣe òun, a di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Èrò tèmi yàtọ̀. Etí tí kò retí nǹkan kan kò ní ohun tí yóò dì mú nínú ọ̀rọ̀ tó ń kọjá lọ. Ìretí yẹn, inú ọ̀sẹ̀ la ti ń kó o jọ.

Ọ̀sẹ̀ tí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé

Ẹ̀yin tí ìjọ yín ń lo Revised Common Lectionary, ètò kíkà Bíbélì ọlọ́dún mẹ́ta tó jáde ní 1992, ẹ mọ bí ti Ọjọ́ Ìsinmi ṣe ń lọ. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò kà sí ni ètò ojoojúmọ́ tí ìgbìmọ̀ tó ṣe é, Consultation on Common Texts, gbé jáde ní 2005 láti máa bá a rìn. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé kọjú sí Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Ọjọ́ Ajé, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú ń bojú wẹ̀yìn wo èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Lójoojúmọ́, Sáàmù kan wà, ẹ̀kọ́ méjì sì tẹ̀ lé e. Sáàmù Ọjọ́bọ̀ náà la ó tún kà lọ́jọ́ Ẹtì àti Sátidé. Tó bá di ọjọ́ Ajé, òmíràn á bọ́ sípò rẹ̀.

Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, tó ń ka ọjọ́ kan tẹ̀ lé òmíràn bí ẹni ń ka ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á rò pé àwọn tó tò ó kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọ̀rọ̀ á máa já mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín Ọjọ́rú sí Ọjọ́bọ̀. Ó sì yẹ kó já, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ ti ń pẹ̀yìn dà sí ìsìn tó lọ, tó ń kọjú sí ìsìn tó ń bọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀.

Nóà, àti ẹ̀ṣẹ̀ tí Jésù kò dárúkọ

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo: èyí tó yí Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú Ádífẹ́ǹtì (àkókò ìmúrasílẹ̀ fún Kérésìmesì) ká, ní Ọdún A, ọdún kìn-ín-ní nínú ọdún mẹ́ta ètò náà. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin Ọjọ́ Ìsinmi náà ni Aísáyà 2:1-5, Sáàmù 122, Róòmù 13:11-14 àti Mátíù 24:36-44. Sáàmù 122 yìí, "Inú mi dùn nígbà tí wọ́n wí fún mi pé, Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ilé Olúwa," ti wà lẹ́nu wa láti Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́bọ̀ mú Dáníẹ́lì 9:15-19 àti Jákọ́bù 4:1-10 wá. Àdúrà ẹ̀bẹ̀ fún ìlú tó ti dahoro ni ti Dáníẹ́lì; Jákọ́bù ń bèèrè ibi tí ìjà àti ogun àárín àwọn èèyàn ti ń wá. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ọjọ́ Ẹtì ni mo fẹ́ mú yín dé: Jẹ́nẹ́sísì 6:1-10, pẹ̀lú Hébérù 11:1-7 tó parí sórí Nóà. Ní Sátidé, Jẹ́nẹ́sísì 6:11-22 àti Mátíù 24:1-22.

Ẹ fara balẹ̀ ka ti ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé yẹn. Jẹ́nẹ́sísì 6:5 sọ pé kìkì ibi ni ìrò ọkàn ènìyàn lójoojúmọ́. Ẹsẹ 11 sọ pé ayé kún fún ìwà agbára, ìyẹn ìwà ipá. Lẹ́yìn náà ni ìwọ̀n ọkọ̀: 300 ìgbọ̀nwọ́ ní gígùn, 50 ní ìbú, 30 ní gíga, àjà mẹ́ta, ọ̀dà nínú, ọ̀dà lóde. Ẹsẹ 22 sì parí rẹ̀ pé gbogbo ohun tí Ọlọ́run pa láṣẹ fún Nóà ló ṣe. Ibẹ̀ ni Sátidé dúró. Ẹ kíyè sí i: òjò kò tíì rọ̀. Ẹ ó sùn lóru ọjọ́ náà pẹ̀lú ọkọ̀ tó wà lórí ìyàngbẹ ilẹ̀.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, Jésù á dé sórí ìtàn náà nínú Mátíù: "Gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ Nóà ti rí, bẹ́ẹ̀ ni wíwá Ọmọ ènìyàn yóò rí." Ẹni tó ti kà á láti ọjọ́ Ẹtì á ti mọ ohun tó kàn lọ́kàn ara rẹ̀. Ó ń retí ìwà agbára. Ó ń retí ìrò ọkàn búburú. Kí ni Jésù dárúkọ? Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń gbéyàwó, wọ́n ń fa ìyàwó fún ni, títí omi fi dé tó gbá wọn lọ. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó kà sílẹ̀. Ohun tí gbogbo wa ṣe ní Sátidé tó kọjá ni, ohun tí a ó sì tún ṣe lẹ́yìn ìsìn.

Ojú ibẹ̀ gan-an ni mo gbà pé gbogbo ọ̀rọ̀ kíkà ojoojúmọ́ ti yí. Ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ Mátíù 24 ní àárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, tí kò ka ohunkóhun ṣáájú, á gbọ́ ìkìlọ̀ nípa àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ ayé àtijọ́, á sì mi orí. Ẹni tó ka Jẹ́nẹ́sísì ṣáájú á gbọ́ àlàfo kan: ìwà agbára dà? Kí ló dé tí Jésù fò ó? Àlàfo yẹn ló máa gbé ìdájọ́ kúrò lórí àwọn ará ìgbà Nóà, tí yóò sì gbé e sórí ìjókòó tí òun fúnra rẹ̀ wà. Kò burú láti jẹun. Wọn kò mọ̀ ni, ìyẹn ni ẹsẹ 39 fi kàn wọ́n. Oníwàásù lè fi ogójì ìṣẹ́jú ṣàlàyé èyí kó má wọlé. Àlàfo náà á wọlé láàárín ìṣẹ́jú kan, bí a bá ti mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀.

Ó tún kù. Ní ọjọ́ Ajé, Jẹ́nẹ́sísì 8:1-19 ni, "Ọlọ́run sì rántí Nóà," omi sì ti ń fà. Orí keje, níbi tí òjò ti rọ̀ ní ogójì ọ̀sán àti ogójì òru, kò sí lójọ́ kankan nínú ọ̀sẹ̀ náà. Ìkún omi dé lọ́jọ́ Ìsinmi, láti ẹnu Jésù, nínú ẹsẹ kan péré. Sáàmù tó bọ́ sípò lọ́jọ́ Ajé ni 124, èyí tó sọ pé bí kì í bá ṣe ti Olúwa tó wà fún wa, omi ìbá ti bò wá mọ́lẹ̀. Róòmù 6:1-11 bá a rìn, ó ń sọ nípa ìbatisí: omi tí a wọ̀ kú, tí a jáde láyè. Ìṣẹ́gun mú májẹ̀mú òṣùmàrè wá nínú Jẹ́nẹ́sísì 9:1-17. Ọjọ́rú sì kà láti inú Aísáyà 54:1-10, níbi tí Ọlọ́run ti fi ọ̀rọ̀ omi Nóà búra pé òun kò ní bínú mọ́.

Ẹ̀sùn kan ni mo ní sí ètò yìí. Láàárín ọjọ́ Ajé sí Ìṣẹ́gun, wọ́n fo Jẹ́nẹ́sísì 8:20-22, níbi tí Nóà, bó ṣe jáde tán nínú ọkọ̀, ti mọ pẹpẹ kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Nínú ọ̀sẹ̀ tí a tò nítorí ìsìn! Ẹ fi ẹsẹ mẹ́ta yẹn kún ti ọjọ́ Ajé.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ṣùgbọ́n ìmúrasílẹ̀ tó gùn jù kì í tọ́jọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó. Sáàmù ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, kí ẹ sì kà á sókè. Bó ṣe jẹ́ pé ọ̀kan náà ni fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má kà á bákan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìdúró. Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ máa dúró ní ìparí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ mí èémí, kí ẹ tó bọ́ sí òmíràn. Ní Sátidé, ẹ sọ ọ́ di àdúrà, kí ẹ fi orúkọ èèyàn àti orúkọ ìlú sí i. Bó bá di Ọjọ́ Ìsinmi, ẹ ó rí i pé ìdajì rẹ̀ ti wà lórí.

Lẹ́yìn Sáàmù, ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní, kí ẹ kà á fún ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan: ta ló sọ̀rọ̀, ta ló gbọ́, kí ló yí padà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ kejì. Kí ẹ wá kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sínú ìwé àkọsílẹ̀, ní ìlà kan. Ẹ má dáhùn rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á ṣí ìwé àlàyé Bíbélì ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n á rí ìdáhùn, ebi ọ̀rọ̀ náà á sì ti kú kí Ọjọ́ Ìsinmi tó dé. Ìwé àlàyé dára lọ́jọ́ Ajé. Ṣáájú ìgbà náà, ẹ jẹ́ kí ìbéèrè mẹ́ta, ti Ọjọ́bọ̀, ti ọjọ́ Ẹtì àti ti Sátidé, bá yín wọ ilé Ọlọ́run.

Ǹjẹ́ ó yẹ ká ka Ìhìnrere Ọjọ́ Ìsinmi gan-an ṣáájú? Ọ̀pọ̀ ló ń gbani nímọ̀ràn pé kí a kà á ní alẹ́ Sátidé. Èmi kò fara mọ́ ọn fún ẹni tó bá fẹ́ jókòó gbọ́ nìkan. Àwọn tó tò ó ti ṣe ìmúrasílẹ̀ náà láì tú àṣírí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí etí kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ láàárín ìjọ. Ẹni tó fẹ́ wàásù àti ẹni tó fẹ́ kàwé kò sí nínú òfin yìí.

Ní ti ẹni tó fẹ́ kàwé, Ọjọ́bọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 2:1-21 máa ń wá lọ́dọọdún ní Pẹ́ńtíkọ́sì, ẹsẹ 9 sí 11 sì ń dójú ti ènìyàn lọ́dọọdún: Pátíà, Mídíà, Élámù, Mesopotámíà, Kapadókíà, Fríjíà, Pàmfílíà. Kí ó kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀, kí ó fi pẹ́ńsù sàmì síbi tí yóò ti mí. Kí ó sì lo irú Bíbélì tó wà lórí tábìlì ìwé kíkà ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí bí ìtumọ̀ bá yàtọ̀, gbólóhùn tó ti mọ́ ọn lẹ́nu á di ìdẹkùn fún un.

Ibi tó ti máa ń dàrú

Ọdún ni ó kọ́kọ́ ń ṣì wọ́n. Ọdún A ń tẹ̀ lé Mátíù, B ń tẹ̀ lé Máàkù, C ń tẹ̀ lé Lúùkù, Jòhánù sì fọ́n ká sáàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọdún yìí kì í yí ní Oṣù Kìn-ín-ní. Ádífẹ́ǹtì ló ti ń yí, ìyẹn Ọjọ́ Ìsinmi kẹrin ṣáájú Kérésìmesì, tó lè bọ́ sí ọjọ́ èyíkéyìí láti 27 Oṣù Kọkànlá sí 3 Oṣù Kejìlá. Ọ̀nà tí mo fi ń mọ̀ ọ́n ni kí n pín iye ọdún sí mẹ́ta: bó bá pín geerege, bíi 2025 tàbí 2028, Ọdún C ni. Bó bá ku ẹyọ kan, A. Bó bá ku méjì, B. Ṣùgbọ́n láti Ádífẹ́ǹtì títí di òpin Oṣù Kejìlá, ọdún tó ń bọ̀ ni kí ẹ pín. Ìdí nìyẹn tí 30 Oṣù Kọkànlá 2025 fi jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ Ọdún A.

Lẹ́yìn Pẹ́ńtíkọ́sì, ọ̀nà méjì ló wà fún Májẹ̀mú Láéláé. Ọ̀kan ń tẹ̀ lé ìtàn láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀: Jẹ́nẹ́sísì àti àwọn ìwé tó tẹ̀ lé e ní Ọdún A, Dáfídì ní B, àwọn wòlíì ní C. Èkejì ń yan ẹ̀kọ́ tó bá Ìhìnrere ọjọ́ náà mu. Kíkà ojoojúmọ́ náà pín sí méjì bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń tẹ̀ lé ọ̀nà kan nílé tí ìjọ yín ń tẹ̀ lé èkejì, ẹ ó múra sílẹ̀ fún ìsìn tí kò ní wáyé. Ẹ bi àlùfáà léèrè lẹ́ẹ̀kan, ó parí.

Episteli tún ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Ní àkókò yẹn kan náà, lẹ́tà kan ni wọ́n ń kà lọ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, láìwo ojú Ìhìnrere. Àwọn oníwàásù á máa là á já bí wọn ó ṣe fi okùn so Pọ́ọ̀lù mọ́ òwe Jésù, òógùn á máa bọ̀. Kò sí okùn kankan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Pọ́ọ̀lù máa bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ tún máa wo àkámọ́ àti lẹ́tà tó wà lára nọ́ńbà ẹsẹ. Sáàmù Pẹ́ńtíkọ́sì ni 104:24-34, 35b. Ìdajì kejì ẹsẹ 35 ni "b" yẹn. Ìdajì àkọ́kọ́, níbi tí onísáàmù ti ní kí àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ run kúrò lórí ilẹ̀, ni wọ́n yọ. Mi ò sọ pé wọ́n jẹ̀bi. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ máa ka ohun tí wọ́n yọ nílé, kí ẹ mọ̀ pé orin ìyìn tó dùn tó bẹ́ẹ̀ ní ìbínú lábẹ́ rẹ̀.

Bí ọjọ́ kan bá fò yín, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹni tó bá kó ti Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ẹtì jọ sórí Sátidé á ka ẹ̀kọ́ mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, kò sì ní gbọ́ ìkankan. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Èyí tó burú jù ni ti ẹni tó múra sílẹ̀ tó fi di adájọ́: ó ti ní ìwàásù tirẹ̀ lápò kó tó wọlé, ó sì jókòó láti máa fún oníwàásù ní máàkì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìbá sàn kó sùn.

Bí ìjọ yín kò bá ní ètò

Ẹ béèrè ibi tí wọn ó ti wàásù nínú Bíbélì, bó bá pẹ́ jù ní Ọjọ́rú, kí ẹ wá to ọjọ́ mẹ́fà yín fúnra yín. Atọ́ka tó wà létí ojú ìwé Bíbélì tó fún un. Òfin mi kò ju méjì lọ: ṣáájú Ọjọ́ Ìsinmi, ẹ ka ohun tí ẹ̀kọ́ náà tọ́ka sí, lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ka ohun tó yí i ká àti ohun tó bí.

Ká ní Lúùkù 4:16-30 ni, níbi tí Jésù ti kàwé ní sínágọ́gù Násárétì. Ọjọ́bọ̀: Aísáyà 61:1-4, tí í ṣe ohun tó kà. Ẹ óò rí i pé ẹsẹ 2 sọ nípa ọdún ìtẹ́wọ́gbà Olúwa, ó sì fi ọjọ́ ẹ̀san Ọlọ́run wa kún un. Ọjọ́ Ẹtì: 1 Àwọn Ọba 17:8-16, opó Sáréfátì. Sátidé: 2 Àwọn Ọba 5:1-14, Náámánì. Opó náà, ará ilẹ̀ Sídónì ni. Ọ̀gá ogun Síríà ni Náámánì. Nígbà tí wọ́n bá ń ka Lúùkù lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ máa fetí sí ibi tí Jésù ti pa ìwé dé. Orí ọdún ìtẹ́wọ́gbà ló dúró; ọjọ́ ẹ̀san kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dárúkọ àjèjì méjì tí Ọlọ́run ṣàánú fún, sínágọ́gù sì gbaná. Àwọn tó wà níbẹ̀ mọ Aísáyà wọn àti ìtàn àwọn Ọba wọn. Wọ́n gbọ́ ọ yé, ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi fẹ́ tì í sísàlẹ̀ láti orí òkè.

Revised Common Lectionary fúnra rẹ̀ gé ìtàn yìí sí méjì ní Ọdún C: ẹsẹ 14 sí 21 ní Ọjọ́ Ìsinmi kẹta lẹ́yìn Ìfarahàn (Epiphany), 21 sí 30 ní ìkẹrin. Ẹni tó wá sí ti àkọ́kọ́ nìkan á gbọ́ àgbọ́ìgbọ́tán: ìwàásù dídùn, ojú gbogbo èèyàn lára Jésù. Bí tiyín náà bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ to ọjọ́ méjìlá dípò mẹ́fà, kí ẹ sì fi opó àti Náámánì sí ọ̀sẹ̀ kejì.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹ ka Lúùkù 4:1-15. Ẹ wo ẹsẹ 9: ní téńté tẹ́ńpìlì, èṣù ní kí ó bẹ́ sísàlẹ̀, ní ẹsẹ 29, àwọn ará ìlú rẹ̀ ló fẹ́ bá a ṣe é. Ní Ìṣẹ́gun, 2 Àwọn Ọba 5:15-19, níbi tí Náámánì ti bẹ̀bẹ̀ fún erùpẹ̀ ẹrù ìbaaka méjì láti gbé lọ sílé, nítorí pé Ọlọ́run Ísírẹ́lì nìkan ni òun ó máa rúbọ sí láti ọjọ́ náà lọ. Ní Ọjọ́rú, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 13:44-52: sínágọ́gù mìíràn, Pọ́ọ̀lù àti Bánábà kọjú sí àwọn Kèfèrí, ìbínú kan náà sì tún rú.